Ìlà Kẹrin Lórí Fóònù Màmá

Bàbá rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Ara-ò-balẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta. Wọ́n á gbé e sórí àga, á ti sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n á tún gbé e padà, á ti dé ẹnu ọ̀nà. Bàbá ti kú, ọmọ sì ti di obìnrin ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, àmọ́ orúkọ yẹn ò kúrò lára rẹ̀. Níbi iṣẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún wọn lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ débẹ̀. Ó ní kí wọ́n má bínú bí wọ́n bá rí òun tí òun ń rìn kiri, bí wọ́n ṣe bí òun nìyẹn. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí gbogbo wọn fi gbàgbé orúkọ tó wà nínú ìwé tó fi wáṣẹ́.

Iṣẹ́ tó ń ṣe kò rọrùn láti ṣàlàyé fún ará ilé. Áàpù fóònù ni wọ́n ń ṣe ní ọ́fíìsì wọn, yàrá méjì lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tí ọkùnrin kan ń ta ọ̀dà nísàlẹ̀ rẹ̀, tí òórùn ọ̀dà náà sì máa ń gba ojú fèrèsé wọlé wá bá wọn láti àárọ̀ títí wọ́n á fi ṣíwọ́. Àwọn mẹ́rin ni wọ́n: ọ̀gá, ayàwòrán tó ń pinnu bí ojú áàpù ṣe máa rí, ọkùnrin kan tó ń bójú tó ibi tí wọ́n ń kó gbogbo nǹkan pa mọ́ sí, tí kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n, àti òun. Òun ló ni ọ̀rọ̀. Gbogbo ohun tí èèyàn bá kà lójú fóònù, láti orí “ẹ káàbọ̀” títí dórí “ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un gbìyànjú”, inú fáìlì kan ló wà, ìkáwọ́ rẹ̀ ni fáìlì náà sì wà.

Ẹ lè máa rò pé kí ló le nínú kéèyàn kọ ọ̀rọ̀ sínú fáìlì. Ẹ bi Ara-ò-balẹ̀ léèrè. Lọ́sẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n ní kó kọ àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù kan sí ìlà mẹ́ta. Ó tẹ bọ́tìnnì tó ń múni bọ́ sí ìlà tuntun, bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe tí wọ́n bá ń kọ lẹ́tà, ó sì rẹwà gan-an nínú fáìlì. Ìgbà tó wo ojú fóònù, orúkọ, òpópónà àti nọ́ńbà ilé ti lẹ̀ mọ́ra gbọọrọ. Fóònù ò ka ìlà téèyàn fọwọ́ já nínú fáìlì sí nǹkan kan. Àfi kéèyàn kọ àmì kan síbẹ̀, igi kékeré kan tó fẹ̀yìn tì, kó sì kọ lẹ́tà n tẹ̀ lé e, kí fóònù tó mọ̀ pé ibí ló yẹ kóun ti já ọ̀rọ̀, kóun bọ́ sísàlẹ̀. Odindi ọ̀sán kan ló fi wá àmì yẹn kó tó rí i.

Láti ọjọ́ náà ni ìlà jíjá ti wọ̀ ọ́ lára. Kì í já a níbi tó bá ti rí i; ibi téèyàn á ti dánu dúró mí ló ti ń já a. Ayàwòrán máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé lọ́jọ́ tó bá lọ́kọ, tí òun àti ọkọ bá ń jà, á já ìjà náà sí ìlà mẹ́fà, á sì fi àlàfo sáàárín wọn. Àwọn tó kù á rẹ́rìn-ín, òun náà á rẹ́rìn-ín, á dìde, á lọ wo ojú fèrèsé, á tún padà wá.

Ohun tí kò sọ fún wọn ni pé ìyá òun lòun ń já a fún. Màmá ò kàwé kọjá ìwé mẹ́ta. Ìka ló fi ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀, á máa kà á sókè wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, tí ọ̀rọ̀ bá sì ti pọ̀ jọ, ìka á sọnù, Màmá á kanra, á tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá já a sí kéékèèké, á kà á tán láìsọ ìka nù rárá. Ó wá ń fi í yangàn ládùúgbò. Ó sọ fún aránṣọ tó yá yàrá iwájú lọ́wọ́ rẹ̀ pé gbogbo ohun tí fóònù bá sọ, ọmọ òun ló ń sọ ọ́.

Áàpù tó gbà wọ́n lákòókò jù lọ́dún náà jẹ́ ti ilé ìwòsàn kan tó ń tọ́jú àwọn àgbàlagbà. Tó bá di aago méje àárọ̀, fóònù á dún, àpótí funfun kan á yọ lójú rẹ̀, á sọ irú oògùn tó kan àti bí wọ́n ṣe ń lò ó. Lábẹ́ àpótí náà ni bọ́tìnnì aláwọ̀ ewé kan wà tí wọ́n kọ “Mo ti lò ó” sí. Téèyàn bá tẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ tán títí dọjọ́ kejì. Ọ̀rọ̀ tó wà fún oògùn ìtọ̀ ṣúgà kan wà pọ̀ lójú kan, ìparí ìlà kan ń wọ inú ìbẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ọ̀gá wò ó lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó ní ó dà bí aṣọ tí wọ́n kó jọ síbi kan tí wọn ò fọ̀. Ó ní kí Ara-ò-balẹ̀ bá òun tún un ṣe.

Ọjọ́rú ló tún un ṣe. Ó já a sí mẹ́rin:

Ẹ kú ojúmọ́.
Àsìkò oògùn yín ti tó.
Hóró kan ni kí ẹ lò, pẹ̀lú omi.
Ẹ má lò ó láìjẹun.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè mí dáadáa, ó fi àmì méjì-méjì sáàárín wọn, débi pé àlàfo kan wà láàárín ìlà kan àti èkejì. Ayàwòrán ti fún àpótí funfun náà ní ìwọ̀n tirẹ̀. Kì í fẹ̀, kì í sún kì. Ara-ò-balẹ̀ wò ó lórí fóònù tirẹ̀, ó wọlé wẹ́kú. Ó wò ó lórí fóònù ọ́fíìsì, ó tún wọlé wẹ́kú. Ayàwòrán pàápàá, tí kì í yin ẹnikẹ́ni, ní ó dùn ún wò. Wọ́n fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń yẹ áàpù wò kó tó dé ọwọ́ aráyé, ó sì bọ́ sórí fóònù àwọn èèyàn ní Ọjọ́bọ̀.

Ọjọ́bọ̀ náà ni ara bẹ̀rẹ̀ sí í fu ú. Kò mọ ohun tó jẹ́. Ó ṣáà dà bíi pé ó ti ilẹ̀kùn ilé, tí kò sì rántí bóyá ó yí kọ́kọ́rọ́. Ó ṣí fáìlì, ó ka àmì kọ̀ọ̀kan, wọ́n pé. Ó wo fóònù rẹ̀, ìlà mẹ́rin, àlàfo mẹ́ta, ó pé. Lọ́jọ́ Ẹtì, ó ṣí i nígbà mẹ́wàá ó kéré tán. Ó ní kí ayàwòrán wá bá òun wò ó, ayàwòrán wò ó, ó ní kí ni kóun máa wò. Ó lọ bá ọ̀gá. Ọ̀gá fi pẹ̀lẹ́tù rán an létí ọjọ́ kan tó ní kí gbogbo wọn má tíì lọlé nítorí bọ́tìnnì kan tí ara ń fu òun sí, tó sì jẹ́ pé nǹkan kan ò ṣe bọ́tìnnì ọ̀hún. Ó ní kó lọ sinmi, kó sùn dáadáa, kó jẹun. Ẹ̀ ẹ́, àwa náà mọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ kì í balẹ̀ nígbà gbogbo, lọ́jọ́ tó bá tọ́ kí ara rẹ̀ má balẹ̀, ta ni yóò gbà á gbọ́?

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ó ń fọṣọ, ó nu ọwọ́ tó kún fún ọṣẹ, ó tún ṣí fóònù. Àárín ìyẹn ni Màmá pè é láti sọ pé dókítà ilé ìwòsàn yẹn, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ìtọ̀ ṣúgà rẹ̀, ti pààrọ̀ oògùn òun, pé ọjọ́ Ajé lòun máa bẹ̀rẹ̀ tuntun. Ó bi í léèrè orúkọ rẹ̀, Màmá pe lẹ́tà ara páálí náà fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Oògùn yẹn gan-an ni. Inú rẹ̀ dùn, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ mẹ́ta. Ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ òun ni yóò kà lọ́jọ́ Ajé, pé òun ti já a sí kéékèèké fún un. Màmá ṣàdúrà fún un títí káàdì fóònù fi fẹ́ tán.

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ Ajé kò tíì lù nígbà tí aránṣọ pè é. Ó ní kó máa bọ̀, pé òun fẹ́ gba kọ́kọ́rọ́ géètì lọ́wọ́ Màmá ni òun bá bá wọn nílẹ̀, ẹ̀yìn wọn ti bẹ́ẹ̀dì, òógùn bò wọ́n, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, tí òun bá sì bi wọ́n ní nǹkan, ó ń pẹ́ kí wọ́n tó dáhùn. Ara-ò-balẹ̀ ò dúró gbọ́ ìyókù. Òpópónà mẹ́ta ló wà láàárín ọ́fíìsì àti ilé ìyá rẹ̀. Ó sáré e, báàgì rẹ̀ ń na ìbàdí rẹ̀, ó ń pe ilé ìwòsàn bó ṣe ń sáré. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n yára po ṣúgà sómi fún Màmá, kí wọ́n fún wọn lóúnjẹ tí wọ́n bá ti lè jẹ, kí wọ́n sì gbé wọn wá bí kò bá lọ lẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Ó lọ lẹ̀. Kí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó pé, ojú Màmá ti là, ó ti ń bínú sí omi ṣúgà tó dà sí i láyà, ó sì ń bi wọ́n pé ta ló ní kí wọ́n fi ife tó dára jù nínú ilé po nǹkan. Aránṣọ lọ dín ẹyin. Ara-ò-balẹ̀ kúnlẹ̀ síwájú ìyá rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú.

“Màmá, ẹ ò tíì jẹun láti àárọ̀?”

“Mo ti lo oògùn. Mo ní kí n gbálẹ̀ ná, kí n tó dáná.”

“Ẹ lò ó láìjẹun? Ẹ ò ka ohun tí fóònù sọ ni?”

“Mo kà á,” Màmá ní. “Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á. Kò sí oúnjẹ níbẹ̀. Ohun tí o kọ síbẹ̀ ni mo ṣe.”

Ó fẹ́ jiyàn. Ọ̀rọ̀ ti dé ẹnu rẹ̀, pé ó wà níbẹ̀, pé òun kà á nígbà mẹ́wàá lọ́jọ́ Ẹtì nìkan. Ó na ọwọ́ mú fóònù lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ṣí ọ̀rọ̀ àárọ̀ ọjọ́ náà. Lẹ́tà tó wà níbẹ̀ tóbi. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ di ńlá lọ́dún tó kọjá nígbà tí ojú Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Nítorí pé ó tóbi, ìlà kejì ti já sí méjì, ìkẹta ti já sí mẹ́ta, àlàfo tó fi dá wọn sí náà ti fẹ̀, wọ́n ti ti ìlà kẹrin dé ẹnu àpótí. Orí àwọn lẹ́tà rẹ̀ nìkan ló yọ, bíi pé ẹnì kan fi sísọ́ọ̀sì gé e. Lábẹ́ rẹ̀ ni bọ́tìnnì aláwọ̀ ewé jókòó sí. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣì wà pọ̀ lójú kan bí aṣọ ìdọ̀tí, gbogbo rẹ̀ ń hàn. Àlàfo tó fi ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ ló gbé e lọ.

Ojú tì í, ẹ̀rù bà á, inú rẹ̀ sì bàjẹ́, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi ń wò ó lórí fóònù tirẹ̀, níbi tí lẹ́tà ti kéré, tí ojú ti dá ṣáká.

Ó jáde sí kọ́rídọ̀, ó pe ọ̀gá. Ọ̀gá kọ́kọ́ béèrè àlàáfíà ìyá, kò ṣe bí ẹni burúkú. Ó ní kí wọ́n tún àpótí náà ṣe kíákíá kó lè máa fẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń yẹ áàpù wò ò lè fọwọ́ sí i kó tó di Ọjọ́rú, ìyẹn ni pé aago méje méjì ṣì wà níwájú. Àwọn tó ti ń lo oògùn náà tipẹ́ ti mọ̀ pé wọ́n gbọ́dọ̀ jẹun. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti Ọjọ́bọ̀ ńkọ́? Ara-ò-balẹ̀ pe apoògùn ilé ìwòsàn láti béèrè ohun tí wọ́n sọ fún àwọn yẹn nígbà tí wọ́n fún wọn ní oògùn. Apoògùn fi ìbàlẹ̀ ọkàn dá a lóhùn pé àwọn kì í sọ púpọ̀ mọ́, fóònù á sọ ìyókù. Ó fi nọ́ńbà àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ náà ránṣẹ́ sí i. Yàtọ̀ sí Màmá, wọ́n jẹ́ mẹ́tàdínlógún.

Ara-ò-balẹ̀ tún pe ọ̀gá, ó ní òun máa pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá ní kò burú, kó pè wọ́n, ṣùgbọ́n kó kàn ní àwọn ń béèrè àlàáfíà ni, kó sì rán wọn létí láti máa jẹun. Kó má dárúkọ àṣìṣe. Tí ilé ìwòsàn bá gbọ́ pé àwọn ló jẹ́ kí ìlà náà sá pa mọ́, wọ́n á gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ àwọn.

“Iṣẹ́ àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló wà lórí ọ̀rọ̀ yìí,” ọ̀gá ní. “Èmi ò ní kí o purọ́. Mo ní kí o má sọ gbogbo ẹ̀ ni.”

Ó ní ó dáa. Ó padà wọlé. Màmá ti jẹ ẹyin, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní kó wá ka ìlà tó sá pa mọ́ náà fún òun. Ó kà á. Màmá ní kó tún ka gbogbo rẹ̀ láti òkè. Ó kà á. Ìyá rẹ̀ wò ó bí wọ́n ṣe ń wo ọmọ tó wọ bàtà òdì.

“Kí n tó lo oògùn ni kí n jẹun, àbí lẹ́yìn ẹ̀?”

“Kí ẹ tó lò ó, mà.”

“Kí ló wá dé tí o fi kọ ọ́ gbẹ̀yìn? Ohun tó yẹ kí n kọ́kọ́ ṣe, ìdí pátápátá lo fi sí.”

Ọdún mẹ́fà ló ti fi ń já ìlà, tó ń wá ibi tí èèyàn á ti mí, ẹnikẹ́ni ò bi í léèrè ọ̀rọ̀ yìí rí, òun náà ò sì bi ara rẹ̀. Ó lọ síbi fèrèsé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe nọ́ńbà.

Láti fèrèsé dé ẹnu ọ̀nà, láti ẹnu ọ̀nà dé fèrèsé. Ó ń sọ ọ́ bí ọ̀gá ṣe ní kó sọ ọ́. Ìyá kan ní kì í ṣe nǹkan, òun kì í kúkú lo nǹkan kan láìjẹun láti ìgbà tí wọ́n ti bí òun. Ọkùnrin kan ní gbogbo àárọ̀ ni ebi máa ń pa òun kọjá ààlà, láti ọ̀la lọ òun á máa kọ́kọ́ jẹun. Obìnrin kan ní ilé ìwòsàn yìí mà mọ èèyàn tọ́jú o, wọ́n tún ń pe èèyàn lórí fóònù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í súre fún un, fún ọ̀gá rẹ̀, fún gbogbo ará ọ́fíìsì wọn. Tó bá ti bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ tán, á wo ojú Màmá, Màmá á kàn máa ká aṣọ.

Nígbà tó di ọ̀sán, ó ti bá mẹ́rìndínlógún sọ̀rọ̀. Ìkẹtàdínlógún ò gbé e. Ó pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó pè é lẹ́ẹ̀marùn-ún, fóònù ń dún, kò sẹ́ni tó gbé e. Aránṣọ ní kó jókòó, pé ó ń mú ojú àwọn pòòyì. Ó ní òun ò lè jókòó. Ó ti ń wọ bàtà láti lọ gba àdírẹ́sì ọkùnrin náà nílé ìwòsàn nígbà tó pè é lẹ́ẹ̀kan sí i, tẹ́nì kan sì dáhùn, ohùn àgbàlagbà, tó rọra ń bọ̀.

Bàbá náà ní kó má bínú, oorun ló gbé òun lọ. Ara-ò-balẹ̀ béèrè bóyá wọ́n ti jẹun. Bàbá ní òun ò tíì jẹun, ọ̀sán lòun ń jẹun, láti ìgbà tí ìyàwó òun ti kú ni. Ṣé wọ́n ti lo oògùn láàárọ̀? Bẹ́ẹ̀ ni, aago méje, òun kì í yẹ̀ ẹ́, fóònù á dún, òun á lò ó. Báwo ni ara wọn ṣe ń ṣe wọ́n? Bàbá rẹ́rìn-ín díẹ̀.

“Ṣé ara náà ló kù? Láti ọjọ́ Ẹtì ni òòyì ti ń kọ́ mi láràárọ̀, ọwọ́ mi á máa gbọ̀n. Káfíńtà ni mí, ọmọ mi. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n ò lè di ayùn mú. Lánàá, mo kó gbogbo irinṣẹ́ mi fún káfíńtà tó wà ládùúgbò wa. Mo ní kó máa lò ó. Ọjọ́ ogbó ló dé, a ò lè bá a jà.”

Ara-ò-balẹ̀ dúró láàárín yàrá. Ó rántí ọ̀gá, ó rántí ayàwòrán, ó rántí ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ kó tó dọ̀sán, tó ní ọmọ mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kó sọ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, ó ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rìndínlógún, ó ti dán. Kò lè sọ ọ́.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹun nísinsìnyí, mo wà lórí fóònù,” ó ní. “Lẹ́yìn náà, kí ẹ lọ gba irinṣẹ́ yín padà. Kì í ṣe ọjọ́ ogbó. Èmi ni.”